Ìyá Mi Tú Àléébù Tí Mo Mú Sílẹ̀

Ẹ gbà mí, ìyá mi ti tú ẹlẹ́wọ̀n mi sílẹ̀!

Kánẹ́ẹ̀lì tí mo ń kọ, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, inú kọ̀ǹpútà àfarawé kan lórí láptọ́ọ̀pù mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Àléébù kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń yọjú fìrí, á tún sá lọ. Mo wá ṣètò pé bó bá ti yọjú, kí gbogbo ẹ̀ dúró sójú kan, kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Lónìí, ọwọ́ bà á! Àfi bí wọ́n ṣe pe ìrun Jímọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sáré lọ.

Mo padà délé, gbogbo ẹ̀ ti pòórá. Mo bi ìyá mi léèrè.

"Ó kàn dúró ni, kò mira. Mo bá ọ pa á, mo tún tàn án."

"Ìyá mi, èmi ni mo ní kó dúró!"

"Ṣé kì í ṣe kó máa ṣiṣẹ́ lò ń wá ni?"

Látìgbà yẹn, kò bàjẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì Malete fẹ́ fojú rí àléébù yìí.

Mo ń bẹ Ọlọ́hun kó bàjẹ́. Ìyá mi náà ti mú tẹ̀sùbáà, wọ́n ń bẹ Ọlọ́hun kó má bàjẹ́.

Àdúrà tiwọn ló ń gbà.

Ta lẹ máa ṣe àmín fún nínú àwa méjèèjì?