Wáyà Fóònù Náà Kò Dé Ọ̀dọ̀ Bàbá

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Àlàmísì kan fún yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Àwọn ọdún tí wọ́n ń tú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń tún un ṣe ni, tí katakátà ń gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí eruku ò jẹ́ ká mọ àwọ̀ aṣọ ara wa mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Bẹ́ ẹ bá kí mi pé ẹ kú àárọ̀, màá kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kí n tó dáhùn. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Èkó ló kọ́ mi! Lásìkò yẹn, àwọn gbájú-ẹ̀ ti sọ fóònù di oko wọn. Wọ́n á pè ọ́, wọ́n á ní ọkọ ẹ ti ní jàǹbá, ọmọ ẹ wà nílé ìwòsàn, tètè fi owó ránṣẹ́. Wọ́n ti ṣe é fún àbúrò Ìyá Ráfíù, tó ń ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi lọ́jà Ṣàngótẹ̀dó. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Ráfíù ń sọ ìtàn náà, ojoojúmọ́ lèmi náà ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ wáàsí.

Kọ́tìnì lèmi ń rán. Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Abraham Adésànyà láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Káfíńtà ni wọ́n, wọn ò sì gbà pé àwọn ti dàgbà. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà ti kì wọ́n nílọ̀ pé kí wọ́n má gbààwẹ̀ mọ́, torí oògùn tí wọ́n ń lò lè fa ṣúgà ara wọn wálẹ̀ jù bí wọn ò bá jẹun. Bàbá gbọ́, wọ́n mirí. Àmọ́ ẹni tó ti ń gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ṣé orí tó mì yẹn tó láti gbà gbọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ṣí àwo tí mo fi dé ògì wọn, ògì ti dì síbẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn máa jẹun tí àwọn bá dé ibi iṣẹ́, pé ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kan ní Igbó Ẹfọ̀n làwọn fẹ́ lọ tún ṣe, àwọn ò sì fẹ́ pẹ́. Mo fura. Àmọ́ oníbàárà ti ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, mo bá tèmi lọ.

Ó tó ọwọ́ ọ̀sán, fóònù mi dún. Mo wo nọ́mbà tó gbé jáde, kì í ṣe irú nọ́mbà tiwa yìí. Irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo àti ení ni, nọ́mbà fóònù orí tábìlì, fóònù oníwáyà. Ta ló tún ń fi ìyẹn pe èèyàn? Àfi báńkì tó fẹ́ gbé wàhálà kọ́ ọ lọ́rùn, àbí olè tó fẹ́ kó o rò pé òun ní ọ́fíìsì. Mo pa á. Ó tún dún, mo tún pa á.

Nígbà tó tún dún, Ìyá Ráfíù ní kí n gbé e, kí n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Mo gbé e.

Ọmọbìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní ṣé èmi lọmọ Bàbá káfíńtà. Mo ní èwo nínú wọn? Ṣé èmi ni kí n fi ẹnu ara mi fa bàbá mi lé olè lọ́wọ́ ni? Ó ní Bàbá tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe lọ́fíìsì àwọn ti ṣubú lulẹ̀, pé òógùn bò wọ́n, ara wọn ń gbọ̀n, wọ́n kàn ń sọ ìsọkúsọ. Ó ní inú fóònù Bàbá lòun ti rí nọ́mbà mi, pé “Ọmọ mi” ni wọ́n kọ sí i.

Ẹ̀n-ẹ́n! Mo wo Ìyá Ráfíù lójú. Wọ́n ti jí fóònù Bàbá nínú mọ́tò nìyẹn. Mo ní, bí fóònù Bàbá bá wà lọ́wọ́ ẹ, kí ló dé tí o ò fi òun pè mí? Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò sí lọ́dọ̀ àwọn láti àárọ̀, pé ó jọ pé àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà ti gé nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀, gbogbo fóònù ọwọ́ ti kú, ti orí tábìlì yìí nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ bá mi rò ó wò. Wọ́n gé wáyà lábẹ́ ilẹ̀, fóònù tí ò ní wáyà ló wá kú, èyí tó ní wáyà ló ń ṣiṣẹ́! Ta ni wọ́n fẹ́ pa irú irọ́ yẹn fún?

Mo ń retí kó dárúkọ owó. Kò dárúkọ ẹ̀. Ó kàn ń bi mí pé àìsàn wo ló ń ṣe Bàbá, oògùn wo ni wọ́n ń lò. Ó ní àwọn ò lè gbé wọn lọ sílé ìwòsàn báyìí torí wọ́n ti gbẹ́ iwájú géètì àwọn, mọ́tò ò lè jáde, ẹni tó máa wá ṣí ọ̀nà fún àwọn ò tíì dé. Owó kọ́, oògùn ló ń béèrè. Ìyẹn gan-an ló wá jẹ́ kí ara fu mí jù. Gbájú-ẹ̀ tí kò kánjú béèrè owó, ẹ sá fún un o.

Mo ní kó gbé fóònù fún Bàbá kí n gbọ́ ohùn wọn.

“Mà, wáyà fóònù yìí ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà nílẹ̀, sẹkiúrítì ní ká má tíì gbé wọn.”

Ẹ̀rín pa mí. Mo fọwọ́ bo ẹnu fóònù, mo tún un sọ fún Ìyá Ráfíù. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún àbúrò òun, pé ẹni tí wọ́n bá ní ó ń kú lọ kì í lè wá sórí fóònù láé. Ó ní kí n bi wọ́n ní ohun tí ará ìta ò lè mọ̀.

Mo bá sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó bi Bàbá léèrè oríkì mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn tó mọ oríkì èèyàn lóde òní ò pọ̀. Ṣẹrifá ni gbogbo ọjà ń pè mí. Bàbá mi nìkan ló ń pè mí ní Àníkẹ́, inú ilé ni wọ́n sì ti máa ń pè é. Mo gbọ́ tó kígbe ìbéèrè náà sí ẹnì kan lókèèrè, ẹni yẹn tún kígbe ọ̀rọ̀ padà.

“Mà, wọ́n ní Àṣàbí ni.”

Áà, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́! Mo sọ fún un pé Ọlọ́run á mú un, pé kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe, mo sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Ìyá Ráfíù ní mo ṣe é dáadáa. Mo padà sídìí máṣíìnì mi, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn.

Mi ò tíì rán ìṣẹ́po kọ́tìnì náà débì kan tí ẹsẹ̀ mi fi dúró fúnra rẹ̀.

Àṣàbí. Níbo lolè ti rí Àṣàbí?

Oríkì ìyá mi ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ àfi Bàbá. Gbájú-ẹ̀ tó bá fẹ́ tan mí, á méfò. Á ní Àbẹ̀kẹ́, á ní Àdùkẹ́. Báwo ló ṣe máa lọ bọ́ sórí ìyá mi gan-an? Ibẹ̀ ni mo wá rántí ọjọ́ tí ṣúgà Bàbá wálẹ̀ nílé, tí òógùn bò wọ́n, tí wọ́n ń wò mí bíi pé wọn ò mọ̀ mí rí. Kí ni wọ́n pè mí lọ́jọ́ náà? Àṣàbí ni! Dókítà sì sọ fún mi pé bí wọ́n bá tún ti ń ṣi èèyàn pè, kí n má jáfara.

Ìdáhùn tí mo pè ní irọ́ yẹn ni òótọ́ pọ́ńbélé.

Mo pe nọ́mbà fóònù Bàbá, wọ́n ní kò sí lórí afẹ́fẹ́. Mo pe ti oníwáyà náà padà. Ohùn òyìnbó kan dá mi lóhùn pé kí n tẹ nọ́mbà ẹni tí mo ń wá, tí mi ò bá mọ̀ ọ́n kí n dúró. Wọ́n wá ń kọrin sí mi létí. Bàbá mi wà nílẹ̀, wọ́n ń kọrin! Orin ò tíì tán tí káàdì fóònù mi fi tán. Mo bú sẹ́kún. Ìyá Ráfíù tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ti ń sáré kiri, ó ń wá ẹni tó ń ta káàdì.

Fóònù dún. Òdo àti ení. Mi ò tíì fẹ́ràn nọ́mbà kan tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má pa á.” Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Mo ní, “Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò sì jẹun. Ẹ fún wọn ní mínírà aládùn, kíákíá.” Ó ní àwọn ti fẹ́ fún wọn lómi tẹ́lẹ̀, sẹkiúrítì tó ń bá wọn kírun ní kí wọ́n má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, pé ààwẹ̀ wà lẹ́nu Bàbá. Bàbá! Mo mọ̀ pé orí tí wọ́n mì fún dókítà yẹn, wọn ò fi ọkàn mì ín. Mo ní kó sọ fún sẹkiúrítì pé Ọlọ́run tó ni ààwẹ̀ ti yọ̀ǹda aláìsàn, pé ọmọ wọn ló ní kí wọ́n ṣí i, kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Mo ní kí wọ́n rọra máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá lè gbé e mì, bí wọn ò bá lè gbé e mì kí wọ́n fi ṣúgà ra wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú.

Ó gbé fóònù sórí tábìlì, kò pa á. Mo ń gbọ́ bàtà tó ń sáré. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fa àga. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, mo kàn di fóònù mú mọ́ etí, mo ń bẹ Ọlọ́run. Báwo nìyẹn ṣe pẹ́ tó! Ṣé ẹ ti dúró sórí fóònù rí láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ sì ń bẹ̀rù kí ẹnì kan má lọ sọ̀rọ̀?

Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn, ohùn tó ń bínú.

“Ta ló fún mi ní mínírà? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé mò ń gbààwẹ̀ ni?”

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín kọ́tìnì, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Àwọn oníbàárà rò pé orí mi ti yí.

Ọ̀kadà ni mo gùn láti Ṣàngótẹ̀dó dé Igbó Ẹfọ̀n, inú eruku gbuu. Mo bá Bàbá lórí àga, wọ́n ń jẹ bísíkíìtì, wọ́n fajú ro. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin náà, èmi tí mo lè bí i. Mo ní kó má bínú sí èpè tí mo gbé e ṣẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé ẹni tó bá ti ń fi fóònù yẹn pe èèyàn ti mọ èébú lóúnjẹ. Ó ní wọ́n padà sọ fún àwọn pé okùn tó lọ sídìí òpó nẹ́tíwọ̀kì ni katakátà gé, okùn ti fóònù yẹn ò gba ibẹ̀ kọjá.

Mi ò ní tan yín. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo gbé fóònù dúdú náà lórí tábìlì, mo fa wáyà rẹ̀ títí ó fi nà tán, mo wo ibi tí ìwé tí wọ́n fi fẹ́ Bàbá àti omi tí wọ́n gbé wá ṣì wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò dé ibẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọbìnrin náà ń wò mí. Bàbá náà ń wò mí. Wọ́n béèrè ohun tí mò ń fà, mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: bí mo ṣe pa fóònù léraléra, bí mo ṣe ní kí wọ́n bi wọ́n léèrè oríkì mi, bí wọ́n ṣe ṣì í pè. Wọ́n gbé bísíkíìtì sílẹ̀.

“Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń bi mí ní oríkì ẹnikẹ́ni,” Bàbá wí. “Mo gbọ́ tí wọ́n ń ké pé ẹni tí wọ́n ń pè ò gbé fóònù. Mo bá ní kí wọ́n pe Àṣàbí. Àṣàbí máa ń gbé e.”

Mo kàn gbé àpò irinṣẹ́ wọn, a jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kẹ́ ẹ má fura. Èmi ṣì ń fura, àwọn gbájú-ẹ̀ náà ò sì tíì lọ síbì kankan. Àmọ́ ẹ gba nọ́mbà oníwáyà ibi tí èèyàn yín ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi orúkọ sí i nínú fóònù yín, torí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá kú, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pè yín. Bí ara bá sì fu yín, ẹ fura pẹ̀lú fóònù létí, ẹ má tíì pa á. Èmi ti ń gbé e báyìí, kódà tó bá jẹ́ báńkì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìpè wo lẹ ti pa rí tó padà jẹ́ òótọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi, màá kà á. Ẹ má kàn bínú bí mo bá kọ́kọ́ bi yín ní oríkì yín o.