Ibi tí Ìyá Dámisọ́lá Gbé Ojú Rẹ̀ Lọ

Ìyá Dámisọ́lá, àbúrò bàbá mi, ló ń fura jù ní gbogbo Ìla. Ó lè fura sí òjò tó ti ń rọ̀ sí i lórí. Obì gbànja ló ń tà. Bí wọ́n bá gbé e dé láti oko, yóò bó o, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi ewé gbòdògì wé e sínú apẹ̀rẹ̀, kò sì ní yìn ín. Obì a máa dán lọ́jọ́ tó dé, kí kòkòrò sì ti wà nínú rẹ̀. Ó dìgbà tó bá pẹ́ nínú ewé kí ihò tó yọ lára rẹ̀.

Ẹni tó bá ń fura báyìí, ṣé kí n má dán an wò? Lọ́jọ́ kan tó ń ṣa obì, mo mú ọ̀kan tí kòkòrò ti lu bí asẹ́, mo rọra jù ú sáàárín èyí tó wà níwájú rẹ̀, mo wá ń retí igbe. Ó mú un. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó kó o mọ́ èyí tó dára.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo ojú yín."

"Kí lo tún fẹ́ fi mí ṣe, Purity? Orúkọ rere nù un, ìwà rẹ ò mọ̀ ọ́n rí."

Awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún, tòsì náà ti ń tẹ̀ lé e. Bí àwọn oníbàárà láti Òkè Ọya bá bá ihò nínú ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ tó fi tọ́ Dámisọ́lá parí nìyẹn.

Mo ní ká lọ sọ́sibítù. Búròdá Ọlálékan, káfíńtà àdúgbò wa, ní ká má wulẹ̀ jìyà. Ọkùnrin kan wà tó ń ti ìlú dé ìlú, abẹ́rẹ́ ló fi ń ti awọ náà kúrò lójú.

"Lójú ẹsẹ̀, Màmá! Lórí ẹní tó ti ṣe é fún bàbá kan ní Ìresì, Bàbá Àsíìsì, ni bàbá náà ti ń ka ìka tí a nà sí i. Ojú mi báyìí ló ṣe!"

"Ọjọ́ tó ṣe é lò ń sọ yẹn," ni Ìyá Dámisọ́lá wí. "Báwo ni Bàbá náà ṣe wà báyìí?"

Búròdá Ọlálékan họrí. Kò tíì padà débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ mọ́tò dé Ọ̀tan, a gun ọ̀kadà dé Ìresì. A bá Bàbá Àsíìsì níwájú ilé rẹ̀. Ògiri ló ń wò nígbà tó kí wa káàbọ̀.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ríran lọ́jọ́ yẹn," ni Ìyá Dámisọ́lá wí.

"Mo ríran! Mo rí irùngbọ̀n ara mi nínú dígí. Mo fún un ní àkùkọ."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí dé inú orí. Kí àgbàdo tó gbó, ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá bi mí. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àkùkọ ni wọ́n rí, wọn ò rí ẹkún."

"Ojú kejì ńkọ́?"

"Ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀ wá ṣe é."

"Kò ní ṣe é," ni Ìyá Dámisọ́lá wí, bí ẹni pé òun ló ni ojú náà.

Ẹ má rò pé ọsibítù bọ́ lọ́wọ́ ìfura rẹ̀ o. Bí a ṣe dé Ìla, ó mú mi lọ sílé Tíṣà Bùsọ́lá, tí wọ́n ti ṣe irú ojú yìí fún ní ọsibítù Òṣogbo tipẹ́. Kò tilẹ̀ béèrè àlàáfíà tán. Ó na abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti òwú sí i.

"Ẹ bá mi fi bọ̀ ọ́."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó wọ awò rẹ̀, ó sì fi òwú bọ̀ ọ́. Ìyá Dámisọ́lá gba abẹ́rẹ́, ó fọwọ́ tọ́ ọ wò bóyá ó wọlé lóòótọ́. Nígbà náà ló tó ní, "Níbo gan-an ni Òṣogbo?"

Nígbà tí a ránṣẹ́ sọ fún Bàbá Àsíìsì, ó bá wa lọ. Ó ní dandan ni. Dókítà ojú yẹ àwọn méjèèjì wò. Ó ní èyí tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tì fún Bàbá ti kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n èkejì ṣì ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ti Ìyá Dámisọ́lá náà ṣeé ṣe, ọ̀tún ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n dá fún wa, àárín àwọn méjèèjì ni mo jókòó sí. Ẹ̀rù ń ba Bàbá. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá Dámisọ́lá, ṣé ẹ ṣì wà níbí?"

Mo yí ohùn mi padà bíi ti Màmá. "Mo wà níbí, Bàbá. Ọ̀nà tí mo máa gbà sá ni mo ń wò."

"Ẹ má sá o! Bí ẹ bá sá, èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ ó kàn fà mí lọ́wọ́ ni."

"Ọmọ burúkú ló ń bá yín sọ̀rọ̀!" ni Màmá pariwo, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà, gbogbo èrò tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni nọ́ọ̀sì ti pe orúkọ Màmá. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì ń rẹ́rìn-ín wọlé lọ.