Murdina Kò Ní Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Ka Adìyẹ

Kò sẹ́ni tó gbọ́ iye ohun ẹlẹ́mìí kankan lẹ́nu Murdina. Bí o bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, á ní, "Ruairi wà ní Glasgow, Ina wà ní Kánádà, Calum wà lójú omi." Bí o bá bi í pé adìyẹ mélòó ló ní, á ní wọ́n tó èyí tó ń da àgbàlá òun rú. Gbogbo abúlé wọn ní etíkun Uist, erékùṣù kan ní Scotland, ti mọ̀ ọ́n mọ́ ìwà yìí. Wọn kì í yọ ọ́ lẹ́nu, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kékeré pé ẹja tó wà nínú ọkọ̀, ọmọ tó ń rìn lọ́nà àti adìyẹ tó wà lágbàlá, ẹni tó ni wọ́n kì í fi ẹnu ara rẹ̀ kà wọ́n. Murdina gbọ́, àmọ́ nígbà tó di abiyamọ, ó gbàgbé. Lọ́jọ́ kan ní èbúté, àlejò kan tó ń ya fọ́tò kiri bi í pé ọmọ mélòó ló bí. Inú rẹ̀ ń dùn lọ́jọ́ náà, ló bá fẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Mẹ́ta." Ìgbà òtútù ọdún yẹn gan-an ni Calum, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bá ọkọ̀ apẹja lọ tí kò padà. Wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé sin.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Láràárọ̀, bí Murdina bá ṣílẹ̀kùn ilé adìyẹ, á máa pe wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí wọ́n bá tán, á kọjú sí òkun, á pe Calum. Ohùn kan náà ló fi ń pe gbogbo wọn, kò gbé tọmọ sókè ju tadìyẹ lọ.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Seonag, ọmọbìnrin tó ń kó lẹ́tà kiri, fi wọlé lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ pẹ̀lú ìwé ìjọba lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jókòó o. Ìjọba ń béèrè àwọn adìyẹ yín."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ máa san owó ìfẹ̀yìntì fún wọn ni?"

Seonag rẹ́rìn-ín, ó sì ka ìwé náà fún un. Ẹni tó bá ń sin ẹyẹ, ì báà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Á sọ irú ẹyẹ tó ní, ibi tí wọ́n wà, àti iye wọn. Ọ̀fìnkìn ẹyẹ ló fà á. Bí àrùn náà bá bẹ́ sílẹ̀ nítòsí, ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba ni wọn yóò tètè ta lólobó pé kó kó ẹyẹ rẹ̀ wọlé.

Lachie, tí ògiri òkúta kan ṣoṣo là láàárín òun àti Murdina, ti na ọrùn wọ inú ọ̀rọ̀. "Kọ ogún síbẹ̀, kó o lọ sùn! Ta ló fẹ́ wá kà á?"

"Èmi ọmọ alàgbà ìjọ, kí n fọwọ́ sí irọ́? Lachie, irọ́ tìrẹ nìkan tó abúlé yìí jẹ dọ́dún tó ń bọ̀."

Ṣùgbọ́n Murdina kò fi ọ̀rọ̀ àrùn náà ṣeré. Ó ti rí i ní etíkun nígbà ìrúwé: àwọn ẹyẹ òkun ńlá ńlá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń yí orí bí ọ̀mùtí, òun sì dúró, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó sunkún lọ́jọ́ náà. Adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ló sì ń sìn, ìran èyí tí ìyá rẹ̀ gbé wá ilé ọkọ nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣì ní irú wọn ní erékùṣù náà kò pọ̀. Bí ọ̀fìnkìn yìí bá wọ àgbàlá rẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ parẹ́ nìyẹn.

Ló bá pinnu. Òun yóò forúkọ sílẹ̀. Òun kò ní purọ́. Òun kò sì ní kà wọ́n. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Lachie ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún òun. Ó wọ àgbàlá, ó ń nawọ́, ó ń kà sókè, Murdina sì fi ìborùn di etí, ó ń kọ orin Sáàmù kíkankíkan kí ohùn Lachie má bàa wọlé. Kíkà àkọ́kọ́, Lachie ní mọ́kàndínlógún. Ìkejì, ó ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn adìyẹ tirẹ̀ ló ti fo ògiri wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Wọn ò dúró jẹ́ẹ́!"

"Ta ló fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ fún ẹ? Ìyàwó rẹ gan-an ò dúró." Òótọ́ ni, ó ti kó lọ sí Inverness.

Òru ọjọ́ náà kò mú ìmọ̀ràn kankan wá, ìgbà tó ń bu omi sínú ìkòkò tíì láàárọ̀ ni ó rí i. Orúkọ kì í ṣe iye. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un rí pé kó má pe adìyẹ lórúkọ. Nígbà tí Seonag dé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ lé e lọ́wọ́, ó ní kó jókòó sẹ́yìn ilé adìyẹ.

"Etí ni kó o fi gbọ́, ọmọ mi, má fojú wò wọ́n. Bí mo bá pe orúkọ kan, fi pẹ́ẹ̀gì kan há etí àpò rẹ. Bó bá parí, lọ sídìí ọkọ̀ rẹ kó o kà á. Má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́."

"Màmá, ìjọba ò mọ̀ pé èèyàn gidi ni wọ́n ń bá ṣe."

Murdina ṣílẹ̀kùn. "Ìyàwó Pásítọ̀! Olóríkunkun! Arìnrìn-àjò! Bàbá Ìjọ!" Bí wọ́n ṣe ń jáde ló ń pè wọ́n, pẹ́ẹ̀gì sì ń há. Nígbà tí ilé adìyẹ ṣófo, ó kọjú sí òkun bí ìṣe rẹ̀, ó pe Calum. Seonag kò wò. Apá kejì erékùṣù ni wọ́n bí i sí, kò gbọ́ ìtàn Calum rí, ó rò pé orúkọ àkùkọ ni. Ó há pẹ́ẹ̀gì kan sí i.

Ó fi fóònù rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí dé, Murdina kò ṣí i. Ó kì í bọ ẹ̀yìn aago lórí àjà ààrò.

Nínú oṣù kọkànlá, wọ́n rí òkú pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ní ọ̀fìnkìn náà ní etíkun. Fóònù Murdina dún kí ilẹ̀ tó ṣú: kó wọn wọlé, dókítà ẹran ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò. Fóònù Lachie kò dún, kò forúkọ sílẹ̀. Murdina ló lọ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ tó sì ràn án lọ́wọ́ kó tirẹ̀ wọlé, ó ń bú u títí wọ́n fi parí.

Dókítà ẹran dé lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ara wọn dá. Ó gba ìwé ẹ̀yìn aago, ó ṣí i, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, ọ̀kan dín. Níbo ló wà?"

Seonag gbé lẹ́tà dé lásìkò náà. Dókítà ní bí adìyẹ bá kú lásìkò àrùn tí wọ́n fi pamọ́, ìjọba lè ní kí wọ́n pa gbogbo agbo náà.

"Sọ pé idì gbé e!" Lachie ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti orí ògiri. "Murdina, idì!"

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Murdina dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tún pe orúkọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń nawọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí dókítà lè rí i. Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ó yíjú sí òkun, orúkọ Calum sì ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo Seonag, ó wo àpò rẹ̀.

"Èyí tẹ́ ẹ ń wá, kì í ṣe adìyẹ," ló wí. "Ọmọ mi ni. Òkun ló gbé e lọ. Èmi ló ń pè é, ọmọ yìí sì kọ ọ́ mọ́ wọn."

Seonag bú sẹ́kún. Dókítà náà pa ìwé dé díẹ̀díẹ̀. Kò ní ibi kankan lọ́kàn nígbà tó béèrè pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Lachie, tó mọ ohun tí ìbéèrè náà jẹ́, bọ́ fìlà rẹ̀. Ìdáhùn àtijọ́ wá sẹ́nu Murdina, Glasgow, Kánádà, ojú omi, ó gbé e mì. Kí ló tún kù tí iye lè gbà lọ́wọ́ òun? Wọ́n ti fi ọmọ òun sáàárín adìyẹ, torí òun kò kà á síbi tó yẹ kí òun kà á sí.

"Mẹ́ta," ló wí. "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Gbé bírò wá."

Ó fúnra rẹ̀ fagi lé mẹ́tàlélógún tó wà lórí ìwé náà. Lẹ́yìn náà ó wọnú ilé adìyẹ, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn, ó ń kà á sókè kí gbogbo abúlé gbọ́: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó dé orí Bàbá Ìjọ, ó di méjìlélógún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.