Arúgbó Inú Ìdánwò Ògbufọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kí n fi dúró de èsì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, etí mi ti di etí ajá. Bí fóònù bá ti dún pẹ́rẹ́n, n ó sáré gbé e, n ó sì rí i pé àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń polówó orin tí mi ò bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ó rẹ̀ mí. Mo máa ń sùn, n ó jí, á tún rẹ̀ mí.

Èsì ìdánwò ògbufọ̀ ni. Àwọn ará Ọsirélíà tó ń fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníwèé níwèé ìgbélùú, máàkì ni wọ́n fi ń yan ènìyàn: máàkì fún ọjọ́ orí, máàkì fún ìwé tó kà, máàkì fún ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́. Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Bàrígà. Mo ro tèmi síwá, mo rò ó sẹ́yìn, máàkì márùn-ún ló dín. Ẹni tó bá lè gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó gbọ́ Yorùbá kó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, kó má fi kún un, kó má yọ níbẹ̀, wọ́n á fún un ní márùn-ún yẹn. Ogójì ọdún mi sì ń bọ̀ lọ́nà. Ọjọ́ tí mo bá ti pé e ni wọ́n máa yọ lára máàkì ọjọ́ orí mi. Bí èsì bá pẹ́ jù, tàbí tí mo bá fìdí rẹmi, kò tún sí ibi tí mo ti fẹ́ rí máàkì mìíràn.

Ìyá mi ò mọ nǹkan kan nínú eléyìí. Irọ́ ni mo pa fún un. Mo ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú ló ń wá ògbufọ̀ tí yóò máa jókòó ti àwọn dókítà, pé ìdánwò iṣẹ́ ọ̀hún ni mò ń múra fún. Ta ni wọ́n bí sí Ṣómólú tí kò mọ̀ pé a kì í sọ ìrìn àjò síta kí físà tó wọlé? Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ti pe àdúrà ìdágbére, ó ti pín àga àti fíríìjì rẹ̀ fún aládùúgbò, wọn ò sì fún un ní físà. Títí di òní, orí àga tó lọ tọrọ padà ló ń jókòó sí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo pa ẹnu mi mọ́. Àmọ́ ẹni tí mo ń pa á mọ́ fún ni obìnrin tó bí mi, tí àwa méjèèjì nìkan jọ ń gbé yàrá méjì.

Bébà ni ìyá mi ń ká. Àwọn onítẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú bí ẹni da omi. Bí wọ́n bá tẹ iṣẹ́ tán, wọ́n á kó o wá fún un, yóò jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, yóò ká a lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi ẹ̀yìn ṣíbí irin fa ojú ibi tó ti ká a kó lè dúró. Láti ìgbà tí ṣọ́jà ti gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, kò sí ìdìbò tí ìwé olóṣèlú kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó máa ń ní kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òun ò tíì ká ojú rẹ̀ sí méjì rí. Àsìkò ìdìbò náà la wà nígbà tí mò ń retí èsì yìí. Ojú ọkùnrin kan tó fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín ló kún ilẹ̀ yàrá wa, mò ń rọra fo ọkùnrin náà kọjá kí n tó dé ibi tí ìkòkò omi wà.

Ìyá mi ni mo fi kọ́ṣẹ́. Nínú gbogbo ìwé ìdánrawò tí mo rí, arúgbó kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tó lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀. Èmi á ka gẹ̀ẹ́sì nọ́ọ̀sì, n ó túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi á ṣe arúgbó, á dáhùn, n ó sì dá èsì rẹ̀ padà sí gẹ̀ẹ́sì. Òfin kan wà níbẹ̀: ògbufọ̀ kì í sọ pé "ó ní." Bí arúgbó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, èmi náà á la ẹnu mi, n ó ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ìyá mi kì í sọ ohun tó wà nínú ìwé.

"Ìjọba á máa rán ẹnì kan wá, tí á máa wẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀," mo túmọ̀ fún un lọ́jọ́ kan.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìjọba wo?"

"Màámi, ẹ ṣáà dáhùn."

"Ọmọ tí mo bí ńkọ́? Ọwọ́ ẹ̀ rọ ni?"

"Kò sí nínú ìwé o. Ẹ máa dúpẹ́ ni wọ́n kọ síbí."

"Mi ò dúpẹ́. Sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́. Ṣebí ìwọ lo ní wọn kì í yọ níbẹ̀."

Mo bá fi gẹ̀ẹ́sì bèèrè bóyá ọwọ́ ọmọ tí mo bí ti rọ. A rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ìró nu ojú.

Yàrá ọ̀rẹ́ mi kan ní Àkọkà ni mo ti ṣe ìdánwò náà gangan, lórí kọ̀ǹpútà, láago mẹ́fà ìdájí, torí àdúgbò tiwa kò sí wákàtí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ké. Mo ṣe apá kìíní dáadáa. Ní apá kejì, wọ́n ní kí n sọ fún bàbá arúgbó kan pé kò lè dá gbé ilé rẹ̀ mọ́, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbà kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àgbà. Báwo lèèyàn ṣe ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ gbàgà níwájú àgbàlagbà? Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Kò sẹ́ni tó ní kó má bínú. Mo ti fi kún un. Ohùn inú ẹ̀rọ ni bàbá náà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo bẹ òun. Gbólóhùn yẹn ni mo ń jẹ mọ́ oúnjẹ, tí mo ń kọ́ ọmọ níṣìírò mọ́, fún odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo máa ń bínú sí ara mi débi pé n ó pòṣé níwájú kíláàsì, àwọn ọmọ á wo ara wọn lójú.

Ìyá mi ò sì jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ti dé láti ilé-ẹ̀kọ́, á ti gbé àpótí rẹ̀ kọjú sí mi.

"Nọ́ọ̀sì ò wá lónìí ni?"

"Màámi, mo ti ṣe ìdánwò tán."

"Wọ́n ti gbà ẹ́?"

"Wọn ò tíì sọ̀rọ̀."

"Ó dáa, pè é wá. Kí ahọ́n ẹ má lọ dípẹtà."

Lọ́jọ́ mìíràn n ó jágbe mọ́ ọn pé ó rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ mìíràn n ó fi àárẹ̀ gbé ìwé, n ó bi í bóyá ó ń sùn dáadáa, bóyá ibì kan ń dùn ún. Kò sọ tinú ìwé mọ́ rárá, tara rẹ̀ ló ń sọ. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn, pé ó ti tó ọdún méjì. Ìtìjú mú mi. Ilé kan náà la jọ ń gbé, mi ò bi í rí.

Ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn tí mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé ni èsì wọlé sórí fóònù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yege. Mo ti rò ó pé n ó pariwo, n ó kúnlẹ̀, n ó dúpẹ́. Mo kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, mi ò lágbára láti bọ́ èkejì.

"Kí ni wọ́n wí?" ìyá mi bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo yege, Màámi."

"Ní ilé ìwòsàn yẹn?"

"Ní ilé ìwòsàn yẹn."

Ó fi ìró nu ṣíbí rẹ̀, ó fi í sórí bébà kí atẹ́gùn má bàa kó wọn, ó yí àpótí kọjú sí mi. "Ó dáa. Pe nọ́ọ̀sì wá."

Mi ò lè jà. Mo bèèrè ìbéèrè tó máa ń ṣáájú nínú gbogbo ìwé náà: ta ni ẹ ń bá gbé?

Ohùn tó fi ń ki àlejò ló fi dá mi lóhùn. "Ẹ bá mi sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ mi obìnrin ni mò ń bá gbé. Ó fẹ́ lọ sí ìlú tí ìjọba ti ń wẹ̀ fún arúgbó. Ó rò pé mi ò mọ̀. Ilé ìwòsàn wo l'Ékòó ló ń ránni lọ wẹ̀ fún arúgbó nílé?"

Mo wo bàtà kan tó kù lẹ́sẹ̀ mi.

"Ẹ túmọ̀ rẹ̀ kẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ yín ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ mi fẹ́ lọ, pé ó rò pé mi ò mọ̀.

"Ẹ ní inú mi dùn sí i. Ẹ ní tó bá débẹ̀, kó máa bi mí léèrè orúnkún mi, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bi mí."

Mo sọ pé inú mi dùn. Nígbà tí mo dé ibi orúnkún, gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu mi.

"Ẹ má bínú, Màámi," ni mo ní.

Ìyá mi nawọ́ mú ṣíbí rẹ̀.

"Mi ò sọ ìyẹn," ó ní. "Má fi kún un."