Mo Kọ́ Ìrìn Láàárín Irin Tí Wọn Ò Tíì Ṣí

Àwọn ọmọ kíláàsì ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ara mi ò yá. Mo ti yàrá àwọn tíṣà rìn dé iwájú pátákó ìkọ̀wé, ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ni ní Ìkìrun, mo sì ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ, kí n tó rí i pé ẹ̀rín ni wọ́n ń gbé mì. Mo wo ilẹ̀. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Èkejì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lórí òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà, mi ò sì mọ ìgbà tó bọ́. Mo ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta yẹn kọjá bí ẹni tó ń tẹ tìmùtìmù.

Mo bá wọn rín in. Tíṣà tó gbọ́n máa ń ṣe bí ẹni pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ mú bàtà náà, mo fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbá òkúta kan, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi ti kú dé orókún. Èmi nìkan ni mò ń gbé. Èmi àti ìyàwó mi ti pínyà tipẹ́, kálukú wà láyè rẹ̀. Mo fẹ́ dìde lórí ibùsùn, mo bá ara mi nílẹ̀. Mo pariwo. Ìyá tó wà ní yàrá kejì ń gba àdúrà òwúrọ̀ lọ́wọ́, ó ń bẹ Ọlọ́run fún gbogbo àwọn tó wà nínú ìpọ́njú, ohùn rẹ̀ sì ga ju tèmi lọ. Ìgbà tó ṣe àmín tán ló gbọ́ mi.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Òṣogbo. Níbi tí a ti ń dúró de dókítà, Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Inísà, fi itan rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún mi. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń bi í pé kí ló ṣe bàbá yìí. Kò sẹ́ni tó bi èmi. Ẹni tó bá ti wà ní ìdùbúlẹ̀, ó dà bíi pé etí rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ náà.

Dókítà fi òòlù rọ́bà kékeré gbá orókún mi, ẹsẹ̀ ò ta. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi. Ìyẹn dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀yìn mi ṣì wà láyé nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà. Orúkọ àwọn dókítà Faransé ni, mi ò ní fi yọ ahọ́n yín lẹ́nu. Ohun tó jẹ́ ni kí ẹ mọ̀. Iṣan ìmọ̀lára ni wáyà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wáyà náà sì ní ohun tó bò ó bíi rọ́bà. Ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, inú ti run mí, mo ti yàgbẹ́ gbuuru, mo sì ti gbàgbé. Àwọn ọmọ ogun ara tó jáde lọ bá kòkòrò inú jà nígbà yẹn kò padà sí bárékè. Wọ́n rí rọ́bà ara wáyà mi, wọ́n ní ó jọ ọ̀tá, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kì í ṣe rọpá-rọsẹ̀. Kì í ràn. Kò sẹ́ni tó fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ìyá mi. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣe ni ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Àmọ́ kó tó yí padà, ó lè gun àyà, kó sì dí èémí. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń kú lọ sókè báyìí, ẹ má ṣe sùn lé e bí mo ti ṣe. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Tèmi dé ìsàlẹ̀ àyà, ó sì dúró síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé. Nọ́ọ̀sì á wá, á ní kí n ka oókan, eéjì lọ lórí èémí kan ṣoṣo, láti mọ bí èémí mi ti gùn tó. Lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì, ìdánwò tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù nìyẹn. Ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan kan tún wá ń ta mí bí iná, lábẹ́ awọ, láìsí ibi tí mo lè nawọ́ sí pé ibí ni.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, ọwọ́ mi, tí òun náà ti rọ, ti padà. Ẹsẹ̀ mi kò tíì mọ̀ mí. Àǹtí gbé mi lọ sí Inísà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ará ìjọ Onítẹ̀bọmi rẹ̀ wá pẹ̀lú ọsàn àti orin. Àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì àdúgbò wá, wọ́n pàṣẹ fún ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ tèmi, kò gbọ́ tiwọn náà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa wá, ó bá mi ya fọ́tò, ó gbé e sórí wásáàpù àwọn tíṣà, wọ́n fi àwòrán ọwọ́ àdúrà dá a lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò wá mọ́.

Láàárọ̀, Àǹtí á gbé mi sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, á gbé omi sítòsí, á sì ti ilẹ̀kùn láti ìta nítorí olè, á wá lọ síbi iṣẹ́ tíṣà tirẹ̀. Títí di ìgbà tó bá dé, mo ń gbọ́ Inísà: ẹ̀rọ ìlọta, ìró ọ̀kadà, ẹni tó ń pe ẹni. Kò sí orúkọ mi nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pè. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi lórí tìmùtìmù bí ènìyàn ṣe ń wo ẹrù tí onítọ̀hún ní òun ń bọ̀ wá gbé. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá láyé: kí n dìde fúnra mi, kí n rìn jáde.

Ẹnì kan sọ fún Àǹtí pé ilé ìtọ́jú tuntun fún àwọn tí ara wọn kò pé ti wà ní Òkukù. Bọ́ọ̀sì kékeré la wọ̀. Awakọ̀ ní kí wọ́n gbé "bàbá yẹn" síwájú, wọ́n sì gbé mi bíi àpò gàrí. Nígbà tí a débẹ̀, pátákó ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba ló kọ́ ilé, àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun ló kó irinṣẹ́ wá. Àmì ìjọba wà lápá kan pátákó, àmì olùrànlọ́wọ́ wà lápá kejì, wọ́n sì ga dọ́gba. Ó dá mi lójú pé wọ́n ṣèpàdé lórí ìyẹn.

Láti ojú fèrèsé gbọ̀ngàn ni mo ti rí irin gbọọrọ méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí aláìsàn ń dì mú lọ́tùn-ún lósì láti kọ́ ìrìn. Mo rí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó tò lọ bẹẹrẹ. Ọ̀rá ṣì wà lára gbogbo wọn. Rìbọ́ọ̀nù pupa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

"Wọn ò tíì ṣí i," ni Físíò Ṣadé wí. Ọ̀dọ́bìnrin tó kàwé gboyè nínú fífi ìdárayá wo ara sàn ni, òun sì ni ìjọba fi síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Mọ́tò tuntun ń dúró de pásítọ̀, kànga tuntun ń dúró de alága. Àdéhùn sọ pé ìjọba àti olùrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jọ gé rìbọ́ọ̀nù náà. Ọjọ́ tí kọmíṣọ́nnà bá ráyè, òyìnbó ò sí nílùú. Ọjọ́ tí òyìnbó bá wà nílùú, kọmíṣọ́nnà lọ sí Àbújá.

Nítorí náà, abẹ́ igi máńgòrò la ti ń gba ìtọ́jú. Físíò to bẹ́ńṣì gígùn méjì lé ara wọn lọ́tùn-ún, ó to méjì lósì, a sì ń kọ́ ìrìn láàárín wọn, èmi àti Ìyá Ramọ́, oníṣòwò láti Èkò-Ẹ̀ǹdé tí rọpá-rọsẹ̀ mú lápá òsì. Lọ́jọ́ kan, bẹ́ńṣì yẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì fi ojú lulẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà," ni Ìyá Ramọ́ wí. "Wàláhì, tí eyín mi bá ṣì le ni, mo ti fi já rìbọ́ọ̀nù yẹn."

Físíò nu ẹ̀jẹ̀ imú mi. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ó ti ń gan, sà. Iṣan yín ń padà bọ̀ o, àmọ́ tó bá padà bá ọrùn ẹsẹ̀ tó ti gan, kò ní rí nǹkan ṣe níbẹ̀. Irin yẹn la nílò báyìí, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo wo gbọ̀ngàn náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, mo ní kí wọ́n bá mi pe Ọ̀gbẹ́ni Àjàdí, alákòóso ibẹ̀, ẹni tí kókóró wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "lọ́jọ́ ṣíṣí, ta ló máa lo irin yẹn lójú àwọn àlejò?"

"Ẹ̀yin aláìsàn náà ni."

"Àwa tí a ò fọwọ́ kàn án rí? Lójú kọmíṣọ́nnà? Tí mo bá wá ṣubú bí mo ṣe ṣubú yìí ńkọ́? Kámẹ́rà á wà níbẹ̀ o."

Ó wo imú mi.

"Ó yẹ ká ṣe ìgbáradì," ni mo wí. "Ìgbáradì yàtọ̀ sí ìlò."

"Nígbà ìgbéyàwó Ramọ́," ni Ìyá Ramọ́ gbà á lẹ́nu mi, "ṣebí wọ́n kọ́ ijó ìwọlé títí tí gbogbo ilé fi há a sórí. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìgbéyàwó ti wáyé."

Ọ̀gbẹ́ni Àjàdí họ irùngbọ̀n. "Ẹ ò ní já rìbọ́ọ̀nù?"

"Ẹ̀yìn la ó máa gbà wọlé."

"Kí ẹ má sì yọ ọ̀rá o!"

Báyìí ni ìgbáradì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá mú irin náà yọ̀, ọwọ́ wa sì ń làágùn, Físíò bá wé gèlè rẹ̀ mọ́ irin kan, ó wé ti Àǹtí mọ́ èkejì. Ọ̀gbẹ́ni Àjàdí jókòó sórí àga, ó ń ṣe kọmíṣọ́nnà. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan, á pàtẹ́wọ́. Nínà ẹsẹ̀ náà ń dùn mí dé eyín: Físíò á na ọrùn ẹsẹ̀ mi títí omi á fi bọ́ lójú mi, á sì ní, "Ẹ máa bú mi, sà, mi ò ní gbọ́." Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ọjọ́ ṣíṣí síwájú, àwọn ará ìlú á bú ìjọba. Èmi ń bẹ Ọlọ́run kí kọmíṣọ́nnà má tíì ráyè.

Ọ̀sán kan ní Inísà, èmi nìkan wà nínú ilé tí wọ́n tì, mo di irin fèrèsé mú, mo dìde. Orókún mi gbọ̀n, àmọ́ ó dúró. Mo wo ẹ̀yìn mi, kò sẹ́nì kankan. Mo na ọwọ́ gba àárín irin fèrèsé, mo jù ú sí ọlọ́kadà kan tó ń kọjá. Ó dúró.

"Bàbá, níbo?"

"Rárá," ni mo wí. "Mo kàn dìde ni."

Ó wò mí díẹ̀, ó tún ọ̀kadà rẹ̀ tẹ̀, ó lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn.

Ìgbà tí ọjọ́ ṣíṣí wá pé lóòótọ́, ọ̀pá ìtilẹ̀ kan ṣoṣo ni mò ń lò. Ọ̀gbẹ́ni Àjàdí wò mí láti òkè délẹ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́. "Tíṣà, ìrìn yín ti dáa jù. Kí la fẹ́ fi hàn wọ́n lára yín? Ẹ bá mi dúró síta, ẹ jọ̀ọ́."

Ojú fèrèsé tí mo ti kọ́kọ́ rí irin náà ni mo dúró sí. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n yọ ọ̀rá, wọ́n gbé Ìyá Ramọ́ síwájú. Ó di irin mú, ó rọra rìn dé òpin rẹ̀, ó yí padà, ó rìn bọ̀. Obìnrin òyìnbó kan bú sẹ́kún. Kọmíṣọ́nnà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ẹ ò rí i, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí i, arọ ti rìn! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ìyá Ramọ́ wo ojú fèrèsé, ó ṣẹ́jú sí mi.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín nínú ọkàn mi tó bí mo ṣe rò. Ẹnì kan tí kò mọ̀ mí, tí kò lè pe orúkọ ìlú mi, ló ra irin yẹn. Ìjọba tí mo ń bú nínú kíláàsì ló kọ́ òrùlé tó bò ó, òun náà ló gba Físíò síṣẹ́. Láìsí èyíkéyìí nínú wọn, ǹ bá ṣì wà lórí àga ẹ̀bá fèrèsé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tó bá ṣe bí ó ti ṣe mí, ẹ wá irin yẹn kàn kíákíá. Tí wọ́n bá ní wọn ò tíì ṣí i, ẹ ní ìgbáradì lẹ wá ṣe.

Mi ò dúró jẹun. Mo ń padà sí ilé mi ní Ìkìrun lọ́jọ́ náà, sí yàrá tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí níbẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò, pẹ̀lú ọ̀pá mi. Lójú ọ̀nà, òkúta wẹ́wẹ́ kan kó sínú bàtà mi. Mo dúró. Ó ń gún mi ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń dùn mí gan-an. Mo mọ ibi tó wà gẹ́lẹ́.

Mi ò yọ ọ́. Mo gbé e rìn dé ìdí bọ́ọ̀sì.