Abọ́sẹ̀dé Tó Ń Tọ Èéfín Lẹ́yìn

Bí ẹ bá fẹ́ bá Abọ́sẹ̀dé jà, ẹ pe èéfín ní ọyẹ́ lójú rẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni ní Ìníṣà, inú fóònù ló sì ti ń wo ojú ọ̀run. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ bá ti ń finá sí igbó, kì í jẹun àárọ̀ kó tó wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè. Ibi tí iná wà á hàn ní àmì pupa, èéfín á sì fà lọ gbọọrọ bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Yóò fi ti àná wé tòní, yóò wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń darí rẹ̀ sí, yóò sì mọ ìlú tó kàn. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Tíṣà Èéfín, kò sì bínú.

Nítorí baba rẹ̀ ni. Bàbá Adéjàre, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń dá gbé ní Òkukù, ikọ́ fée sì ń bá wọn fínra. Èéfín díẹ̀ báyìí, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Abọ́sẹ̀dé ò ní ẹlòmíràn, baba náà ò sì ní ju òun lọ.

Lọ́jọ́ kan, èéfín gbéra láti igbó ọ̀nà Ìbà, ó kọrí sí Òkukù. Abọ́sẹ̀dé pe Bàbá lórí fóònù kíá.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ẹ ti fèrèsé. Èéfín ń bọ̀."

"Ọyẹ́ ni, Abọ́sẹ̀dé. Ṣé ìwọ lo máa fi ọyẹ́ hàn mí?"

"Ọyẹ́ kọ́, sà. Mo rí i lórí sátẹ́láìtì."

"Ṣé sátẹ́láìtì náà rí i pé o ò tíì jẹun?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ikọ́ nínú ẹ̀rín náà. Ó tún pè, ó tún pè, ikọ́ sì ń le sí i. Nígbà tó yá, Bàbá ò gbé fóònù mọ́. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó di Òkukù.

Sàfúrátù, aládùúgbò wọn, ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fún Bàbá ní oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fín sẹ́nu. Bàbá ń mí, ṣùgbọ́n agbára káká ni.

"Àǹtí, ẹ má bínú," Sàfúrátù wí. "Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n lára. Nẹ́tíwọ̀kì ò wọ inú ilé yìí, ìdí máńgòrò ìta ni wọ́n ti ń gbọ́ yín. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti máa ń jókòó síbẹ̀, kí ìpè yín má baà fò wọ́n dá. Tí mo bá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n á ní Abọ́sẹ̀dé ò tíì pè."

Omijé bọ́ lójú Abọ́sẹ̀dé. Ó mọ gbogbo ọ̀nà tí èéfín ń gbà, kò mọ ibi tí baba rẹ̀ ń jókòó sí. Ó tọrọ àforíjì. Bàbá ní kò ṣẹ òun, pé bí òun bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ara òun máa ń yá.

Ṣùgbọ́n tí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láti ọjọ́ náà, bí èéfín bá kọrí sí Òkukù, Sàfúrátù ní ìsọ̀ rẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, ni Abọ́sẹ̀dé ń pè, kó lọ mú Bàbá wọlé. Bí iṣẹ́ bá parí, òun náà á lọ, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á jọ jẹ̀wà, wọ́n á jọ jiyàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èéfín ti lọ, àyà Bàbá ti balẹ̀, Abọ́sẹ̀dé sì ti gbé báàgì kọ́ apá.

"Abọ́sẹ̀dé," Bàbá pè é jẹ́jẹ́, "bá mi yẹ àwòrán yẹn wò. Ṣé kò ní í tún wá lọ́la ni?"

Abọ́sẹ̀dé ò yẹ nǹkan kan wò. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á sùn síbẹ̀.