Ẹ̀rọ Tí Ọkọ Mi Fi Sídìí Dúrọ́ọ̀mù

Tíṣà ni ọkọ mi nígbà tí à ń gbé Tanke, èmi sì ń pọn ọtí ọkà bàbà. Ó ní ajọ̀ tí mo fi ń sẹ́ ọtí kò bágbà mu. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ya àwòrán, ó wá lu ihò kan sídìí dúrọ́ọ̀mù ọtí mi, ó de ẹ̀rọ omi mọ́ ọn. A da ọkà sísè tòun tomi rẹ̀ sí i, a ṣí ẹ̀rọ, kò kán tó ṣíbí kan. Èèrí ti dí ihò.

Ó ní, "Ọkà ọjà Ìpàta yìí ni kò dáa."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ gbàgbé pé ọkà ní èèrí."

Mo kó ọkà náà jáde, mo da ajọ̀ dojú dé ihò náà nínú, mo sì dà á padà. Ọtí ṣàn geere. Ó wá ń sọ fún àwọn àlejò pé iṣẹ́ ọpọlọ òun ni. Mo yínmú, mo wọlé lọ.